Ẹ bá mi sọ fún wọn pé Hólándì ò yí orúkọ padà o

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí nínú látọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n fi lẹ́tà yìí sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Òǹkàwé yín kan ló kọ̀wé pé Hólándì ti yí orúkọ padà sí Nẹ́dálándì ní 2020, bí Swaziland ṣe di Eswatini ní 2018, ó ní ká má pè é ní Hólándì mọ́ torí pé orúkọ àtijọ́ ni. Ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀, ẹ ò fi àlàyé kankan sí i. Ojú ewé bọ́ọ̀lù tún wá dá kún un, lókè ẹ kọ Hólándì, nísàlẹ̀ ẹ kọ Nẹ́dálándì, ọmọ tó ń bá mi ká aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù wá ń bi mí pé ṣé orílẹ̀-èdè méjì ni, àti pé èwo gan-an ló gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún nínú àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sí orílẹ̀-èdè tó yí orúkọ padà níbẹ̀. Nẹ́dálándì lorúkọ ẹ̀ lábẹ́ òfin látọjọ́ pípẹ́, àwọn fúnra wọn ń pè é ní Nederland, ìyẹn ilẹ̀ tó rẹlẹ̀, ó sì rẹlẹ̀ lóòótọ́ torí tẹ́ ẹ bá pín ilẹ̀ wọn sọ́nà mẹ́rin, bí ọ̀nà kan ló wà nísàlẹ̀ omi òkun, tí kì í bá ṣe ti ògiri tí wọ́n mọ dí òkun àti ẹ̀rọ tó ń fa omi tọ̀sán tòru, ẹja ni ì bá máa gbé ibẹ̀. Ìpínlẹ̀ méjìlá ló ní, bí tiwa ṣe jẹ́ 36. Nínú méjìlá yẹn, méjì péré ló ń jẹ́ Hólándì, Noord-Holland lápá àríwá àti Zuid-Holland lápá gúúsù, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ́lẹ̀, 1840 ni wọ́n là á sí méjì. Mẹ́wàá tó kù ńkọ́? Friesland wà ńbẹ̀, Groningen, Drenthe, Overijssel, Gelderland, Utrecht, Zeeland, Noord-Brabant, Limburg, àti Flevoland tó jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn, tó jẹ́ omi ni wọ́n fà gbẹ kí wọ́n tó rí ilẹ̀ ẹ̀, 1986 ló di ìpínlẹ̀. Kò sí ìkankan nínú mẹ́wàá yìí tó jẹ́ Hólándì, tẹ́ ẹ bá sì pe àwọn kan níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á bá yín jà.

Ṣé ẹ wá rí i, ibi tí àwa Nàìjíríà mọ̀ jù ńbẹ̀, inú Hólándì méjèèjì yẹn ló bọ́ sí, ohun tó jẹ́ kó rú wa lójú nìyẹn. Amsterdam wà ní Noord-Holland, àti pápákọ̀ òfurufú Schiphol tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń gbà kọjá lọ sí Amẹ́ríkà, adágún omi ńlá ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, 1852 ni wọ́n fà á gbẹ tán. Rotterdam àti The Hague wà ní Zuid-Holland. The Hague yìí kan náà ni ilé ẹjọ́ àgbáyé tó fún Cameroon ní Bakassi wà, ní oṣù October 2002, mo ṣì rántí bí inú ṣe ń bí àwọn èèyàn lọ́jọ́ náà. Nǹkan míì tó tún máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé Amsterdam ni olú ìlú Nẹ́dálándì lóòótọ́ ṣùgbọ́n The Hague ni ìjọba ń jókòó sí, bẹ́ẹ̀ Amsterdam yìí náà kọ́ ni olú ìlú ìpínlẹ̀ ẹ̀, Haarlem ni. Òyìnbó ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Báwo wá ni ìpínlẹ̀ méjì ṣe gba orúkọ lórí gbogbo orílẹ̀-èdè? Tẹ́ ẹ bá bi mí, owó ni, kò sí nǹkan míì. Ní 1579 àwọn ìpínlẹ̀ kan lápá àríwá para pọ̀ ní Utrecht láti kọjú ìjà sí ọba Spain tó ń jọba lé wọn lórí, nígbà tó di 1581 wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n lọ́ba mọ́. Ìpínlẹ̀ méje ló wà nínú ìjọba yẹn, bí wọ́n bá wá ń dá owó ìlú jọ, Hólándì nìkan á san ju ìdajì lọ, mẹ́fà tó kù á pín ìyókù. Ẹni tó ń sanwó ló ń sọ̀rọ̀ sókè nípàdé, bó ṣe rí l'Abúlé náà ló ṣe rí ní Yúróòpù. Ní 1602 tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣòwò lọ sí Éṣíà sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní VOC, ẹ̀ka mẹ́fà ló ní, márùn-ún nínú ẹ̀ wà ní Hólándì, ọ̀kan tó kù wà ní Zeeland. Nítorí náà tí ọkọ̀ òkun bá gúnlẹ̀ sí ìlú onílùú, tí wọ́n bi àwọn atukọ̀ pé níbo lẹ ti wá, ọ̀pọ̀ ìgbà Hólándì náà ni wọ́n ti wá, wọn ò parọ́. Ẹni tó bi wọ́n ló lọ fi orúkọ yẹn pe gbogbo ilẹ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí Indonesia fi ń pè wọ́n ní Belanda dòní, tí Japan náà sì ń pè wọ́n ní Oranda. Orúkọ yẹn tiẹ̀ lẹ̀ mọ́ àwọn èèyàn dúdú pàápàá. Láàárín 1831 sí 1872, àwọn Nẹ́dálándì kó nǹkan bí 3,000 ọkùnrin gba Elmina ní Ghana lọ ṣe ṣójà ní Java, erékùṣù kan ní Indonesia, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pè wọ́n ní Belanda Hitam, ìyẹn Hólándì dúdú. Ọmọ Áfíríkà tí ò tẹ Amsterdam rí, wọ́n ti sọ ọ́ di ará Hólándì.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wá kó o ràn wá. Àwọn àti Nẹ́dálándì jọ ń ṣòwò, wọ́n tún jọ ń jagun lórí òkun láàárín 1600 sí 1700, Hólándì ló ń jáde lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́ torí pé ó kúrú, ó sì rọrùn. Títí dòní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, Holland jẹ́ orúkọ ẹnu lásán fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, the Netherlands sì ni orúkọ tí wọ́n ń kọ síwèé tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba. Kò sẹ́ni tó lè ní ẹni tó ń sọ Holland lédè Gẹ̀ẹ́sì ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà kan ṣoṣo tí gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn jẹ́ Hólándì gangan lórí ìwé ni 1806 sí 1810, àlejò ló sì sọ ọ́ lórúkọ náà, Napoleon ará Faransé ló fi àbúrò ẹ̀ Louis jọba níbẹ̀, ó ní kó máa jẹ́ ọba Hólándì. Ọdún mẹ́rin péré, ó tán. Nígbà tó di 1815 tí wọ́n tún ìjọba wọn tò, Nẹ́dálándì ni wọ́n pè é, Belgium pàápàá wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn kí wọ́n tó yapa ní 1830.

Ẹnì kan tún ti sọ fún mi rí pé ìtumọ̀ Hólándì ni ilẹ̀ tó jìn kòtò, torí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó jọ ọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Holtland ni orúkọ náà látìbẹ̀rẹ̀, holt yẹn ni igi, ilẹ̀ igbó ni wọ́n ń wí, agbègbè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Haarlem ni wọ́n sì ń pè bẹ́ẹ̀ kó tó di pé ó tàn káàkiri. Ilẹ̀ tí omi yí ká, igi ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ! Àwọn tó ń sọ pé kòtò ni, ojú ni wọ́n fi wo ilẹ̀ náà tí wọ́n fi túmọ̀ ẹ̀, bí àwa náà níbí ṣe máa ń jiyàn pé ilé ìṣà ni Iléṣà àbí nǹkan míì, tí gbogbo èèyàn sì ní ìtàn tiẹ̀ lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí nǹkan tí mo mọ̀ dunjú. Aṣọ ni mò ń tà. Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi, ìyẹn ni pé ó ń ru aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, ó ń tà á láwìn, tó bá wá dọjọ́ owó, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á ní òṣó lòun máa ló títí òun á fi gbowó òun, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ àwa Ìjẹ̀ṣà lórúkọ yẹn. Èmi ò lóṣòó ní tèmi, tránsífà ni wọ́n ń ṣe fún mi, ṣùgbọ́n aṣọ náà ṣì ni. Èyí tó sì gbayì jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ni Hòlándíìsì, ìyẹn àǹkárá tí wọ́n fi ìda ṣe. Tí ìyàwó tuntun bá ń bọ̀ wá ra ẹrù ìdáná, tí màmá ẹ̀ tẹ̀ lé e wá, màmá ò ní wo òdòdó ara aṣọ o, etí ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fà yọ kó lọ kà á síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, torí etí aṣọ ni wọ́n tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí, Dutch Wax lédè Gẹ̀ẹ́sì, Wax Hollandais lédè Faransé. Lẹ́yìn ìyẹn á yí i padà, á wo inú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ojúlówó, inú àti òde ẹ̀ á mú bákan náà, ẹ ò ní mọ èwo ni iwájú, ẹ ó sì rí àwọn ìlà tín-tín tó sá kiri nínú àwọ̀ bí iṣan ara, ibi tí ìda ti sán kí wọ́n tó rì í sínú aró nìyẹn, kò sì sí ọ̀pá aṣọ méjì tí ìlà ẹ̀ rí bákan náà. Ayédèrú tí wọ́n ń gbé wá, ẹ yí i padà, inú ẹ̀ á funfun gbòò.

Ó dáa, aṣọ Hòlándíìsì yìí, níbo ni wọ́n ti ń ṣe é? Vlisco ló ń ṣe é, ìlú Helmond ni ilé-iṣẹ́ náà wà láti 1846 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, Helmond sì wà ní Noord-Brabant. Brabant kọ́ ni Hólándì! Aṣọ tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń pè ní ti Hólándì, kì í ṣe Hólándì ló ti wá. Nígbà tí mo mọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rín pa mí. Kì í sì í ṣe pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ parọ́, torí ilé-iṣẹ́ kan wà ní Haarlem, ní Hólándì gangan, tó ti ń fi ẹ̀rọ ṣe irú aṣọ yìí láàárín àwọn ọdún 1800, wọ́n fẹ́ fi ṣe bíi bàtíìkì tí àwọn ará Java ń fi ọwọ́ ṣe kí wọ́n lè tà á fún wọn lọ́wọ́ pọ́ọ́kú, ọjà ò yá lọ́hùn-ún bí wọ́n ṣe rò, lọ́dọ̀ tiwa ló ti wá yá. Ilé-iṣẹ́ ti Haarlem kógbá wọlé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ti Helmond ló kù. Orúkọ ò bá ilé-iṣẹ́ kógbá wọlé ní tiẹ̀, ó dúró sétí aṣọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń sọ pé kí ló kàn wá, kí wọ́n máa jẹ́ èyí tó bá wù wọ́n, ẹ rántí nǹkan tí ojú àwa náà ti rí. Láti 1976 títí di 1991 tí wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀, abẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Iléṣà wà, tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà bá dé Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì tó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lòun ti wá, kíá wọ́n á ti máa pè é ní ará Ọ̀yọ́, àwọn àgbà wa ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí torí wọn ò tíì gbàgbé Kírìjì. Orúkọ Yorùbá fúnra ẹ̀ ńkọ́? Láyé Ògèdèǹgbé, tí wọ́n bá ní Yorùbá, Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń bá wí, Ìjẹ̀ṣà ni Ìjẹ̀ṣà, Ifẹ̀ ni Ifẹ̀, Ẹ̀gbá ni Ẹ̀gbá, àwọn Hausa ló ń pe Ọ̀yọ́ bẹ́ẹ̀ kí àwọn oníwàásù tó gbé orúkọ náà bò gbogbo wa. Ẹ lọ sí Kútọnù, Nago ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá, ẹ dé Brazil, Nagô náà ni, bẹ́ẹ̀ Ànàgó kò ju ẹ̀yà kékeré kan lápá ibodè lọ. Èmi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni bínú o, orúkọ Yorùbá ti wọ̀ wá lára, ó ti di tiwa, ṣùgbọ́n ẹ pe ẹni tó ti Iléṣà wá ní ará Ọ̀yọ́ lójú mi kẹ́ ẹ wo nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀.

Bó ṣe rí lára àwọn ará Limburg àti Brabant àti Friesland náà nìyẹn. Friesland ní èdè tiẹ̀, ìjọba sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi ṣe iṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Limburg wà nísàlẹ̀ pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Belgium àti Jámánì, Kátólíìkì ló pọ̀ ńbẹ̀, ó tiẹ̀ ní òkè tó ga jù nílẹ̀ wọn ní Yúróòpù, Vaalserberg, ẹ̀ẹ́dégbẹ̀ta mítà ò pé, 322 ni gbogbo ẹ̀, ẹni tó bá ti gun òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà á kàn wò ó ni. Lápá ibẹ̀, tí wọ́n bá pe èèyàn ní Hollander, kì í ṣe oríire, ará apá àríwá ọ̀hún tó ń gbéra ga, tó ń pariwo, ni wọ́n ń bá wí. Ẹ wá wò ó, Jo Bonfrere tó kó Super Eagles lọ sí Atlanta ní 1996 tí a fi gba góòlù Òlíńpíìkì, ọmọ Limburg ni, Eijsden ni wọ́n bí i sí, gbogbo wa sì ń pariwo kóòṣì ará Hólándì nígbà yẹn, títí kan ìwé ìròyìn. Kanu àti Finidi tí wọ́n gba kọ́ọ̀pù Yúróòpù pẹ̀lú Ajax ní 1995, ìyẹn ni Hólándì tòótọ́, torí Amsterdam ni Ajax. PSV ńkọ́? Eindhoven, Brabant. Ẹ má pè é ní Hólándì.

Ọ̀rọ̀ 2020 tí òǹkàwé yín gbọ́, ó gbọ́ nǹkan, kò kàn gbọ́ ọ tán ni. Ìjọba Nẹ́dálándì ti ń fi Holland polówó ara ẹ̀ fún àwọn àlejò lọ́jọ́ tó pẹ́, òdòdó túlíìpù, wàràkàṣì, ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, wọ́n á kọ Holland sí i. Látìbẹ̀rẹ̀ 2020 ni wọ́n ní ó tó, àwọn mínísírì, àwọn ẹ́ḿbásì àti yunifásítì, Netherlands ni kí wọ́n máa lò, wọ́n sì ya àmì tuntun, lẹ́tà NL pẹ̀lú túlíìpù. Ìdí kan tí wọ́n ń sọ ni pé àlejò pọ̀ jù ní Amsterdam, kí wọ́n lè mọ̀ pé orílẹ̀-èdè náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpolówó ni wọ́n yí padà, wọn ò yí orúkọ orílẹ̀-èdè, kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ Hólándì lẹ́nu. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù wọn fúnra wọn ṣì ń wọ àwọ̀ ọsàn lọ sí pápá tí wọ́n ń kígbe Hup Holland Hup, títí kan àwọn ará Brabant míì tó máa ń bínú tí àlejò bá pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ò sí bọ́ọ̀lù. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ wọn ni.

Nǹkan tí mò ń bẹ yín sí ò le. Tó bá jẹ́ ìròyìn ìjọba, ẹjọ́, físà, àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè, ẹ kọ Nẹ́dálándì, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ bákan náà látojú ewé kìíní dé ojú ewé bọ́ọ̀lù. Tẹ́ ẹ bá ń sọ nípa Amsterdam tàbí Rotterdam tó wá jẹ́ ìpínlẹ̀ lẹ fẹ́ dárúkọ, Hólándì lẹ máa kọ, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ìwé àwọn òǹkàwé sì rèé, tí ẹnì kan bá tún kọ̀wé pé orílẹ̀-èdè kan ti yí orúkọ padà, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. Ẹ̀ẹ̀kan tún wà níbẹ̀ tí ẹ kọ Dọ́ọ̀ṣì, ìyẹn Dutch tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ará Nẹ́dálándì, sí ara ọkùnrin kan tó jẹ́ ará Jámánì, mo mọ̀ pé Dutch àti Deutsch tí àwọn ará Jámánì ń pe ara wọn jọra, ìdílé kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tiẹ̀ ń fi Dutch pe Jámánì náà, ṣùgbọ́n lóde òní Nẹ́dálándì nìkan ló kù tó ń jẹ́ ẹ.

Ti aṣọ, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Tí ẹ bá lọ kọ̀ ọ́ síwèé pé Hòlándíìsì kì í ṣe Hólándì, àwọn kọ́sítọ́mà mi á rò pé ayédèrú ni mò ń tà fún wọn látọjọ́ yìí, wọ́n á sì ní kí n dá owó padà.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Òṣómàáló, Iléṣà